Òrí, Àlùwàlá àti Ọwọ́ Ẹ̀gbọ́n Mi ní Ẹ̀pẹ́

Ẹ̀yin ará ilé ní Ṣakí, òrí tí ẹ fi ránṣẹ́ ti dé Ẹ̀pẹ́. Ó pẹ́ lọ́nà ju bó ti yẹ lọ, àwa ọkùnrin mẹ́jọ la sì dá a dúró. Mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu mi.

Ọjọ́ Sátidé ni mo kúrò nílé ní Ìtamàga, lẹ́yìn ìrun àsùbáà, nígbà tí ilẹ̀ kò tíì mọ́ dáadáa. Igbá òrí wà nínú báàgì mi, mo fi ọ̀rá wé e lẹ́ẹ̀mẹta. Páálí ìbọ̀wọ́ rọ́bà kan wà lábẹ́ apá mi, lẹ́tà kan sì wà nínú àpò jàlàbíà mi. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tó fún mi ní ara líle láti rìn, nítorí ara ẹni tí mo ń lọ bẹ̀ wò kò le.

Ẹ̀gbọ́n mi Sìfáwù, tó lọ sílé ọkọ ní Ẹ̀pẹ́, ló ń pa ẹja fún àwọn oníbàárà ní ọjà etí omi. Láti òwúrọ̀ di ìrọ̀lẹ́ ni ọwọ́ rẹ̀ wà nínú omi àti ẹ̀jẹ̀ ẹja. Ó ti tó oṣù mélòó kan tí awọ àárín ìka ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ti ń bó, tó ń sán, tó sì ń ṣọyún. Ó pè mí lórí fóònù pé ọwọ́ náà kò ká mọ́, pé ọ̀bẹ ń bọ́ lọ́wọ́ òun. Nọ́ọ̀sì ti fún un ní oògùn, ó sì ti kìlọ̀ fún un pé bí kò bá sàn kí oṣù tó parí, àfi kó wá iṣẹ́ mìíràn. Ẹ sì mọ̀ pé ọkọ rẹ̀ ti kú. Iṣẹ́ ẹja yẹn ló fi ń tọ́ ọmọ mẹ́ta.

Ọjọ́ tí òrí yín dé ọwọ́ mi ló yẹ kí n ti gbé e lọ. Ṣùgbọ́n èmi ni akọ̀wé ìgbìmọ̀ mọ́sáláṣí wa, mo sì rò pé ohun tó tóbi tó báyìí yẹ kó gba iwájú ìgbìmọ̀ kọjá. Ẹnì kan béèrè bóyá ẹni tó fi òrí pa ọwọ́ lè ṣe àlùwàlá, níwọ̀n bí omi kò ti ní kan awọ. Ìbéèrè dáadáa ni. Ọjọ́ Jímọ̀ mẹ́ta la fi jókòó lé e lórí. Alága wa ń ta fóònù, igbákejì rẹ̀ ti fẹ̀yìn tì ní báǹkì, èmi ń kọ́ àwọn ọmọ ní kéwú. Kò sí ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ń pẹ́ nínú omi ju ìgbà tó bá ń ṣan ọwọ́ láti jẹun. A jẹ mọ́ínmọ́ín, a mu omi tútù, a ka ìwé fún ara wa, ẹnu wa sì kò: kí àwọn obìnrin tó ń ṣiṣẹ́ nínú omi máa fi òrí pa ọwọ́ lẹ́yìn ìrun ìṣáì lálẹ́, kí wọ́n sì fọ̀ ọ́ kúrò kí wọ́n tó kírun àsùbáà. Fún ojúmọmọ, a ra ìbọ̀wọ́. Èmi ni mo kọ gbogbo rẹ̀ sínú lẹ́tà, inú mi sì dùn sí bí ó ṣe já geere.

Etí títì ni mo ti wọ mọ́tò tó ń lọ Ẹ̀pẹ́, ẹgbẹ̀rún méjì ààbọ̀ náírà. Awakọ̀ ní kí n jókòó níwájú nítorí páálí mi. Ọ̀nà náà ń yọ̀ dé ibì kan, ó tún ń gbò wá jìgìjìgì níbòmíràn. Nílé wa ní Ṣakí, òkúta àti eruku ni ojú ọ̀nà. Níhìn-ín, bí ẹ bá wo ọ̀tún, àbàtà ni, bí ẹ bá wo òsì, àbàtà ni. Nígbà tí a kọjá ìyànà Ìmọ̀tà, oòrùn ti yọ, òrí sì bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́.

Awakọ̀ fimú fín-ín-fín. “Àáfà, kí lẹ gbé tó ń rùn bí ilé ọlọ́mọ tuntun?”

Mo ní òrí ni.

“Páálí ńkọ́?”

“Ìbọ̀wọ́ ni, fún àwọn tó ń pa ẹja.”

Nígbà tí èrò ń bọ́lẹ̀ ní Àgbọ́wá, ó fa ọ̀kan yọ nínú páálí, ó fẹnu fẹ́ ẹ títí ó fi rí bí ọmú màlúù. “Èyí ni wọ́n máa fi mú òbòkún? Àáfà, ẹ ti fọwọ́ kan òbòkún láàyè rí?”

“Mo ti jẹ ẹ́ rí.”

Àwọn èrò ẹ̀yìn rẹ́rìn-ín. Fún àwọn tí kò mọ̀ ọ́n nínú yín, òbòkún ni ẹja kan báyìí tó ní ẹ̀gún lẹ́yìn àti lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì, ẹ̀gún náà sì mú bí abẹ́rẹ́. Nínú ọbẹ̀, kò sí ohun tó fi ìyẹn hàn.

Ní afárá Ìtòíkín, mo rí ọkùnrin méjì tí wọ́n yọrí láti inú omi pẹ̀lú garawa yanrìn. Awakọ̀ ní ọdún mẹ́rin lòun fi ṣe iṣẹ́ yẹn. Ó yọ ẹsẹ̀ òsì nínú sílípáàsì rẹ̀ kí n wò ó: àárín ìka rẹ̀ funfun, ó sì le bí èèpo igi.

“Ìdí nìyí tí mi ò fi ń wọ bàtà,” ló wí. “Kò sí ìgbìmọ̀ tó bẹ̀ wá wò nígbà yẹn.”

Mo ṣèlérí fún un pé tiwa máa jókòó lórí ọ̀rọ̀ àwọn oníyanrìn náà.

“Ẹ ṣé,” ló wí. “Ẹ bá mi kí wọn, kí wọ́n jókòó dáadáa.”

Kò tíì pé aago mẹ́sàn-án tí a dé Ẹ̀pẹ́. Àwọn obìnrin náà jókòó lórí àpótí kéékèèké yí agbada omi ká, ẹsẹ̀ wọn wà nínú omi tó ń ṣàn kọjá, ìpẹ́ ẹja sì lẹ̀ mọ́ wọn títí dé ìgùnpá. Mo rí ẹ̀gbọ́n mi. Ọwọ́ òsì ló fi di ọ̀bẹ mú. Ó fi ọ̀rá wé ọwọ́ ọ̀tún, ó sì ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ náà tẹ ẹja mọ́lẹ̀. Èpìà kan fò jáde lábẹ́ rẹ̀, ẹlòmíràn bá a mú un. Oníbàárà tó dúró lórí rẹ̀ wò ó, ó gbé ẹja tirẹ̀ lọ sọ́dọ̀ obìnrin kejì.

Bí mo ṣe kí wọn tán ni mo fa lẹ́tà yọ. Mo dúró, mo kà á sókè. Nígbà tí mo dé ibi òrí lẹ́yìn ìrun ìṣáì, ìyá arúgbó kan tí wọ́n ń pè ní Ìyá Ṣàdíá, ẹni tó dàgbà jù nínú wọn, gbé ọ̀bẹ sílẹ̀.

“Àáfà, ẹ tún ibẹ̀ yẹn kà.”

Mo tún un kà.

“Ṣé orí ẹní ni omi ti ń bá àwọn ìyàwó tiyín ni?”

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀gbọ́n mi nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ìyá Ṣàdíá wọ ìbọ̀wọ́ wa, ó mú òbòkún kan, ẹ̀gún gún rọ́bà náà lójú kan náà. Ó gbé ọwọ́ sókè kí n wò ó: omi ti kún inú rẹ̀. “Omi tó wà níta ń ṣàn lọ,” ló wí. “Èyí tẹ́ ẹ dì mọ́ wa lọ́wọ́ yìí, ibo ni kó gbà?”

Mo gbé òrí jáde. Mo sọ fún ẹ̀gbọ́n mi pé ìyá wa ló fi ránṣẹ́. Ó wò ó, ṣùgbọ́n kò fọwọ́ kàn án.

“Bùráímọ̀,” ló wí, “ìwọ lo ní kí n má lò ó.”

Mo béèrè ìgbà tí mo sọ bẹ́ẹ̀.

“Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí, mo pè ọ́. Mo ní ṣé mo lè fi òrí pa ọwọ́ kí n tó kì í bọ omi, bí àwọn ìyá wọ̀nyí ṣe ń ṣe. O ní ohunkóhun tí kò bá jẹ́ kí omi kan awọ, ó ti ba àlùwàlá jẹ́. Àwọn wọ̀nyí ní kí n fi pa ọwọ́, mo ní àbúrò mi ni Àáfà. Láti ọjọ́ náà ni mo ti pa á tì.”

Mo rántí. Lọ́jọ́ náà mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bá ọmọbìnrin kan wí nílé-kéwú nítorí ọ̀dà tó fi kun èékánná. Bí fóònù ṣe dún, ìdáhùn ti ọ̀dà ni mo fún òrí. Mo la ẹnu láti jẹ́wọ́ lójú gbogbo wọn, ṣùgbọ́n mo pa á dé.

Nígbà tí wọ́n pe ìrun àyílà lọ́sàn-án, mo rí ohun tí ìgbìmọ̀ wa fi ọjọ́ Jímọ̀ mẹ́ta wá. Àwọn obìnrin náà fi ọṣẹ dúdú àti omi gbígbóná fọ ọwọ́ títí òrí fi kúrò, wọ́n fi aṣọ nu àárín ìka lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ṣe àlùwàlá, wọ́n kírun. Lẹ́yìn ìrun, wọ́n jókòó kí ọwọ́ gbẹ, wọ́n tún fi òrí pa á, wọ́n pa dà sídìí ẹja.

“Ta ló kọ́ yín?” ni mo bi Ìyá Ṣàdíá.

“Ọlọ́run tó ní kí omi kan awọ náà ló fún wa ní ọṣẹ,” ló wí. “Bí kì í bá ṣe ìrun tó ń pè wá jáde, ta ni ìbá ní ká yọ ọwọ́ nínú omi?” Ó na ọwọ́ sí mi. Ó ti lé ní ogójì ọdún tó ti ń pa ẹja, ọwọ́ náà sì dán ju ti alága wa lọ.

Òun náà ló pàṣẹ pé ẹ̀gbọ́n mi kò gbọdọ̀ ki ọwọ́ bọ omi títí egbò á fi jinná, kí oògùn nọ́ọ̀sì lè ráyè ṣiṣẹ́. Kó máa gba ẹja lọ́wọ́ oníbàárà, kó máa pe iye owó, kí àwọn yòókù máa bá a pa á. “Ti òní,” ló wí, “Àáfà wà ńlẹ̀. Àáfà, ẹ ká jàlàbíà sókè.”

Mo pa ẹja títí di àlàásárì. Òbòkún gún mi lẹ́ẹ̀mẹrin. Ọwọ́ mi hunjọ, ó funfun, ó ń ta mí. Oníbàárà kan wo èpìà tí mo ha ìpẹ́ rẹ̀, ó bi mí bóyá mo fi eyín hà á ni. Kí n tó lọ, mo rọra bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n fún mi nínú òrí tí mo gbé wá. Ẹ̀gbọ́n mi bu ìkọ́kọrẹ́ fún mi, oúnjẹ àwọn Ìjẹ̀bú tí wọ́n ń fi ewùrà rírin sè pẹ̀lú ẹja. A kì í ka ewùrà sí nǹkan nílé, mo sì fá abọ́ mọ́.

Oòrùn kò tíì wọ̀ nígbà tí mo dé Ìtamàga. Alága ń dúró dè mí lẹ́nu ọ̀nà mọ́sáláṣí, ó béèrè bóyá wọ́n tẹ́wọ́ gba ìpinnu wa. Mo ní wọ́n gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mejì. Mo ṣàlàyé ọ̀rọ̀ ọṣẹ fún un. Ó ronú, ó ní ọ̀rọ̀ tó wúwo ni, kí a gbé e wá ní Jímọ̀ tó ń bọ̀. Mo ní kí wọ́n wá akọ̀wé mìíràn tó máa kọ ọ́ sílẹ̀.

Ohun tí ìrìn yìí kọ́ mi ni pé kí n lọ wo ọwọ́ kí n tó dá ọlọ́wọ́ lóhùn. Mo tó ọmọ àádọ́ta ọdún kí n tó mọ ìyẹn, mo sì dúpẹ́ pé ọwọ́ náà ṣì wà níbẹ̀ láti wò.

Ní àárọ̀ àná, tí oṣù kò tíì parí, ẹ̀gbọ́n mi pè. Ó ní òun fún aṣọ lọ́jọ́ tó ṣáájú, òun sì di ọ̀bẹ mú láàárọ̀ ọjọ́ náà, kò bọ́. Mo wólẹ̀ fún Ọlọ́run nínú yàrá mi. Nígbà tí mo dìde, mo sọ fún un lórí fóònù náà ohun tí n kò lè sọ ní ọjà: pé èmi ni mo ṣì í sọ, pé n kò ronú kí n tó dá a lóhùn, kó má bínú.

Mò ń gbọ́ ariwo ọjà lẹ́yìn rẹ̀.

“Mo ti gbọ́, Bùráímọ̀,” ló wí. “Jẹ́ kí n lọ, ẹja ń dúró dè mí.”