Àwọ̀ Tó Kù sí Pobè

Kòkúmọ́ fi èékánná àtàǹpàkò ṣí ẹnu kásẹ́ẹ̀tì náà. Ó gbé e sún mọ́ ojú, ó fẹ́ atẹ́gùn sí i lẹ́ẹ̀kan, jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń fẹ́ ojú ọmọdé tí eruku kó sí. Ó tún un tì bọ inú fídíò.

Àwòrán jáde. Dúdú àti funfun.

"Ẹ ò rí i?" ni Màmá Mẹ̀dínátù wí láti orí àga. "Aṣọ ọ̀fọ̀ ni wọ́n wọ̀ fún ọmọ mi."

Ọdún 1988 ni, ní Ìlaro. Rodiat, ọmọ-ọmọ Màmá, ti ṣe ìgbéyàwó lọ́dọ̀ ẹbí ọkọ rẹ̀ ní Pobè, lódìkejì bodè. Ẹsẹ̀ kò jẹ́ kí Màmá lọ. Àwọn àna wá fi kásẹ́ẹ̀tì ránṣẹ́, kí ó lè fojú ara rẹ̀ rí i. Màmá wò ó tán, ó ní kí wọ́n lọ mú ọmọ òun wálé. Ọkọ̀ Àúdù dírẹ́bà wà níta, ẹrù ìyàwó ti kún inú rẹ̀: bẹ́ẹ̀dì, mátírẹ́ẹ̀sì, ìkòkò, àwo tánganran. Màmá ní ẹrù kankan ò gbọdọ̀ kúrò lẹ́nu ọ̀nà àyàfi bí òun bá rí àwọ̀ aṣọ náà.

"Pupa ni, Màmá," ni Bàrúwà, bàbá Rodiat, wí. "Ojú mi ló ṣe."

"Ojú tìẹ? Ìwọ tí a ní kó o ra àgbò funfun, tó o fa dúdú wálé?"

"Pupa ni lóòótọ́," ni Husain, ẹ̀gbọ́n ìyàwó, wí. "Pupa bí epo."

"Bí osùn," ni Bàrúwà wí.

"Ẹ gbọ́ wọn! Ẹnu wọn ò kò. Epo ni àbí osùn?"

Kòkúmọ́ kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Rédíò ló ń tún ṣe kí ó tó kọ́ iṣẹ́ fídíò. Wọ́n ní rédíò ti bá a sọ èyí tó pọ̀ nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀ tán. Ó tú fídíò náà, ó fi òwú àti sípírítì nu ibi tó ń ka kásẹ́ẹ̀tì. Ó fi sinimá ará Íńdíà kan dán an wò. Obìnrin kan ń jó nínú aṣọ pupa, lórí koríko tútù yọ̀yọ̀. Ó yọ ọ́, ó dá ti ìgbéyàwó padà.

Dúdú àti funfun.

"Kò sóhun tó ṣe fídíò yín," ni ó wí. "Bí àwọn ará ọ̀hún ṣe ń fi àwọ̀ sínú kásẹ́ẹ̀tì yàtọ̀ sí tiwa. Àwọ̀ náà wà níbẹ̀. Fídíò àti tẹlifíṣàn ti ọ̀hún nìkan ló lè gbé e jáde."

"Ṣé oòrùn wọn yàtọ̀ sí tiwa ni?"

"Oòrùn kọ́, Màmá. Tẹlifíṣàn ni."

"Ẹ gbé ọ̀kan wá nígbà náà."

"Àwọn àna yín ní in. Àwọn aṣọ́bodè ò ní jẹ́ kó kọjá."

Àúdù fọn fèrè ọkọ̀ níta.

"Níbo ni ìyẹn ń lọ?"

"Pobè, Màmá," ni Husain wí. "Ì bá ti débẹ̀, ẹ̀yin lẹ dá a dúró."

Màmá dìde. Gbogbo wọn wo ẹsẹ̀ rẹ̀.

"Ẹ gbé mi sínú ọkọ̀."

"Háà, ẹ ń lọ wo Rodiat?"

"Ta ló dárúkọ Rodiat? Bí mo bá rí i, màá fọwọ́ bojú. Tẹlifíṣàn ni mò ń lọ wò."

Àwo tánganran ló wà níwájú lọ́dọ̀ dírẹ́bà. Màmá ní kí wọ́n má yọ wọ́n, kí wọ́n má baà fọ́. Wọ́n gbé e sẹ́yìn, ó jókòó sórí mátírẹ́ẹ̀sì ìyàwó, ó gbá kásẹ́ẹ̀tì mọ́ àyà.

"Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé mo gbà kí ẹrù yìí lọ o!"

"Ẹ ò gbà, Màmá," ni Bàrúwà wí.

Àúdù ti ṣáná sí ọkọ̀. Wọ́n yà sí ọ̀nà Ọjà-Ọ̀dàn, orí Màmá ń mì láàárín ìkòkò.

Eruku rọlẹ̀. Bàrúwà ṣì ń wo ọ̀nà.

"Husain," ni ó wí, "pupa ni, àbí?"

Husain bẹ̀rẹ̀ sí gbọn eruku kúrò lára aṣọ rẹ̀. Bàrúwà yíjú sí Kòkúmọ́.

Kòkúmọ́ dé ìgò sípírítì. Ó ki òwú tó kù bọ àpò, ó gbé àpótí irinṣẹ́ rẹ̀, ó sì gba ẹ̀gbẹ́ ògiri lọ síhà ọjà.