Ọ̀nà Pupa Inú Àwòrán Clement

Bí èèyàn bá dé Ìkàrẹ́ tó ń béèrè Clement Ládélé, ó lè rìn títí kó má rí ẹni tí yóò júwe ilé fún un. Ṣùgbọ́n bó bá ti ní "Átíìsì", ọlọ́kadà tó bá kọ́kọ́ kàn yóò gbé e dé ẹnu ṣọ́ọ̀bù kékeré kan lẹ́bàá ọ̀nà tó lọ sí Ọ̀kà, níbi tí agolo ọ̀dà ti tò sílẹ̀ bí ọmọ iléèwé.

Ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ni Clement ti ń fi búrọ́ọ̀ṣì wá oúnjẹ òòjọ́. Òun ló ya orí ọkùnrin mẹ́jọ sára pátákó àwọn onígẹ̀rígẹ̀rí tó ń gẹ irun, òun ló sì ń kọ orúkọ ìjọ sára bọ́ọ̀sì. Àfìgbà tí ẹ̀rọ tó ń tẹ àwòrán sára rọ́bà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ wọ ìlú. Ohun tí Clement ń fi ọjọ́ méjì yà, ẹ̀rọ náà á ti pọ̀ ọ́ jáde kí omi ẹ̀kọ tó hó. Bí iṣẹ́ ṣe ń fà sẹ́yìn ni Clement ń gbin iṣu kún iṣu. Happiness ìyàwó rẹ̀, ìyá Ẹwàolúwa ọmọ wọn, tó jẹ́ tíṣà iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, kò bá a wí. Ó kàn ń wo àwọn búrọ́ọ̀ṣì tó ń gbẹ lórí wíńdò ni.

Ní ọjọ́ Túsìdeè kan nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, Nọ́ọ̀sì Theresa Adéṣínà gbé pátákó kan wá láti Ọ̀kà. Òun ni olórí ilé ìtọ́jú kékeré kan lábẹ́ òkè níbẹ̀. Ìpẹtà ti jẹ lẹ́tà ara pátákó náà, ó sì fẹ́ kí wọ́n tún un kọ. Bí Clement ti ń ha ìpẹtà kúrò ni Nọ́ọ̀sì ń ro ẹjọ́.

"Bàbá Ẹwàolúwa, ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi í sọ. Mo ní kí àwọn aláìsàn wa máa lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, wọ́n ní àwọn ò bínú sí ẹnì kankan, kí ni yóò mú kí ẹ̀jẹ̀ àwọn máa ru?"

Ọwọ́ Clement dúró lórí pátákó. Ohun tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Zacchaeus, sọ gẹ́lẹ́ nìyẹn. Àgbẹ̀ kòkó ni Zacchaeus, ẹni jẹ́jẹ́ tí kì í lé adìyẹ kúrò lórí àgbàdo tó sá. Wọ́n sọ fún un nílé ìwòsàn pé ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru, ó sì rẹ́rìn-ín. Ó ní òun tí òun kò bá ẹnikẹ́ni fa ọ̀rọ̀ láti ìgbà tí wọ́n ti bí òun. Ìdí igi kòkó ni wọ́n ti lọ gbé e ní ọdún mẹ́rin sẹ́yìn, apá kan ara rẹ̀ ti kú. Kò lo ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn náà.

"Nọ́ọ̀sì," Clement wí, "tó bá jẹ́ àìbínú loògùn rẹ̀ ni, ẹ̀gbọ́n mi ì bá ṣì wà láyé."

Nọ́ọ̀sì wá béèrè pé, "Ǹjẹ́ ẹ lè ya ọkàn?"

Clement mú ṣọ́ọ̀kì, ó ya ọkàn sílẹ̀: orí méjì rogodo, ìdí ṣóńṣó. Nọ́ọ̀sì rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sórí agolo ọ̀dà.

"Ti inú káàdì ìgbéyàwó nìyẹn. Èyí tó wà láyà yín kò jọ ọ́ rárá. Ẹ wò ó, wọ́n fún wa ní ìwé ńlá kan tí a lẹ̀ mọ́ ògiri, ọkùnrin tí wọ́n là láyà, ọ̀rọ̀ òyìnbó kún ara rẹ̀. Ìyá kan béèrè lọ́wọ́ mi pé ta ló pa ọkùnrin yẹn, àti pé ṣé wọ́n ti mú ẹni náà."

Ọ̀rọ̀ yìí kò jẹ́ kí Clement gbádùn. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó wọ ọjà lọ bá Suleiman alápatà, ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti kékeré.

"Suleiman, fún mi ní ọkàn màlúù kan, ṣùgbọ́n má fọ̀bẹ kàn án."

"Kí lo fẹ́ fi ṣe?"

"Mo fẹ́ yà á ni."

Suleiman gbé ọkàn kan sórí pátákó ẹran, odidi, pẹ̀lú ọ̀pá iṣan tó nípọn lórí rẹ̀. Clement ń yí i po, ó ń fi ìka tẹ̀ ẹ́. Ó béèrè ibi tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà jáde. Suleiman ní òun kò mọ̀, pé ọgbọ̀n ọdún lòun ti ń gé e, òun kò bi í léèrè rí. Ó gbé búútà tó fi ń ṣe àlùwàlá, ó da omi sínú ọ̀pá iṣan náà. Omi náà kún dé ẹnu, ó sì dúró síbẹ̀. Kò wọlé.

"Nǹkan kan ló dí i nísàlẹ̀," Suleiman wí. Ó da omi náà nù, ó sì fi ọ̀bẹ là á díẹ̀díẹ̀ bí ẹni ń tú lẹ́tà. Níbẹ̀ ni wọ́n ti rí wọn: àpò kékeré mẹ́ta, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, wọ́n fẹnu kora bí ìlẹ̀kùn. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ń jáde, wọ́n á ṣí. Bó bá fẹ́ padà, wọ́n á pa dé. Wọ́n là á síwájú, wọ́n rí yàrá mẹ́rin, wọ́n rí okùn funfun tín-ín-tín bí òwú tó di àwọn ìlẹ̀kùn mìíràn mú kí wọ́n má baà ṣí gba òdì. Àwọn oníbàárà ti rọ̀gbà yí wọn ká. Obìnrin kan tó wá ra ṣàkì gbàgbé láti dúnàá dúrà.

"Gbogbo èyí ń ṣẹlẹ̀ láyà mi báyìí?" ó béèrè, ó sì gbé ọwọ́ láyà.

Clement ti ya bébà sìmẹ́ńtì, ó ti ń fi èédú yàwòrán. Láti ìgbà tó ti kọ́ṣẹ́, kò tíì sí ohun tó wù ú yà tó báyìí. Lọ́jọ́ yẹn, ọkàn mọ́kànlá ló yà.

Ó kó wọn lọ fún Nọ́ọ̀sì, Nọ́ọ̀sì tọ́ka sí ibi tó kù, Clement tún un yà. Nígbà tó kan ọ̀rọ̀ ríru gan-an, ibi tí wọ́n ti ń fọ mọ́tò ni wọ́n ti rí ojútùú. Ọmọkùnrin tó ń fọ ọkọ̀ fi àtàǹpàkò dín ẹnu rọ́bà omi kù, omi ń ta jáde fàà, rọ́bà ń wú, ẹ̀rọ tó ń fa omi sì ń ké bí ẹni tí ẹrù wọ̀ lọ́rùn. Nọ́ọ̀sì ní, "Ohun tí mo ti ń wá lẹ́nu láti ọjọ́ yìí nìyẹn. Iṣan ló há, tí ọkàn ń ṣe làálàá."

Clement wá fi í ṣe ìtàn aláwòrán mẹ́fà. Ó sọ ọkùnrin inú rẹ̀ ní Bàbá Jẹ́jẹ́, àgbẹ̀ tí kì í bínú, tí rọ́bà inú ara rẹ̀ sì há síbẹ̀. Bàbá Jẹ́jẹ́ lọ oko, orí ń fọ́ ọ, ó ṣubú, wọ́n gbé e lọ, ó bẹ̀rẹ̀ sí í lo oògùn, ó ń bá ọmọ rẹ̀ jó. Happiness ló kọ́kọ́ wò ó nílé.

"Bàbá Ẹwà, ẹ̀gbọ́n yín lẹ yà yìí."

Clement wò ó dáadáa. Lóòótọ́ ni. Bí Zacchaeus ti ń dé fìlà náà nìyẹn, etí kan lókè, etí kan nílẹ̀. Omi lé ròrò sójú rẹ̀, ṣùgbọ́n kò pa á rẹ́.

Ọjọ́ tí wọ́n gbé àwòrán náà dé ilé ìtọ́jú ní Ọ̀kà, èrò kún ibẹ̀. Mẹ́ta wà lókè, mẹ́ta wà nísàlẹ̀, bí wọ́n ti ń ṣe é nínú ìwé. Nọ́ọ̀sì ní kí ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ sọ ohun tó rí. Màmá Abọ́dẹrìn, àgbàlagbà kan tí gbogbo àdúgbò ń bẹ̀rù ẹnu rẹ̀, dìde.

"Ara ọkùnrin yìí le tẹ́lẹ̀," ó wí, "ó ń bá ọmọ rẹ̀ jó. Wọ́n wá fún un ní oògùn. Bó ṣe lò ó tán, ó ṣubú lulẹ̀. Ẹ ṣeun, Nọ́ọ̀sì. Èmi ò ní lò ó."

Àwọn tó wà lẹ́yìn rẹ̀ mi orí. Àwọn méjì gbé báàgì wọn. Òógùn bo Clement. Nọ́ọ̀sì ṣàlàyé títí, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ti bọ́. Nígbà tí èrò dín kù, Clement kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá náà.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, níbo lẹ ti bẹ̀rẹ̀ sí í wò ó?"

"Ibi tí ọkùnrin náà ti ń jó, tó ń rẹ́rìn-ín sí mi ni. Ṣé kì í ṣe ẹni tó kí èèyàn lèèyàn ń kọ́kọ́ dá lóhùn?"

Clement rí ibi tí àṣìṣe rẹ̀ wà. Ta ló sọ fún ẹni tí kò jókòó ní kíláàsì rí pé láti ọwọ́ òsì ni wọ́n ti ń ka ìtàn?

Ọ̀rọ̀ náà wà lọ́kàn rẹ̀ bí ọkadà ti ń gbé e sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè. Bó ti yíjú sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó rí ipa ọ̀nà oko kan tó pupa, tó ń wọ́ lọ láàárín àpáta. Obìnrin kan ru igi lórí ń tọ̀ ọ́ bọ̀, kò wo iwájú, kò wo ẹ̀yìn, ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ ibi tó kàn.

"Dúró," Clement wí fún ọlọ́kadà. Ó bọ́ sílẹ̀, ó dúró lẹ́bàá ọ̀nà, ó ń rẹ́rìn-ín òun nìkan. Ọlọ́kadà bi í bóyá nǹkan kan jábọ́ ni. Ó ní rárá, nǹkan kan ló ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ òun lọ́wọ́.

Ó lo ọjọ́ mẹ́rin lórí aṣọ funfun kan tó fẹ̀ tó ibùsùn méjì. Kò sí àpótí, kò sí òkè àti ìsàlẹ̀. Ọ̀nà pupa kan ló bẹ̀rẹ̀ láti ẹnu ilé Bàbá Jẹ́jẹ́, ó gba oko kọjá, ó yí àpáta po, ó dé ilé ìtọ́jú, ó tún padà wá sílé. Ohun gbogbo tó ṣẹlẹ̀ sí ọkùnrin náà, ojú ọ̀nà ló ti ṣẹlẹ̀ sí i, ipa ẹsẹ̀ rẹ̀ sì ń tọ̀ ọ́ lẹ́yìn. Kò sì là á láyà. Fèrèsé kékeré kan ló ṣí sí àyà bùbá rẹ̀, ọkàn ń ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀ pẹ̀lú rọ́bà tó há, Bàbá Jẹ́jẹ́ sì ń wo ojú ọ̀nà bí ẹni tí ara kò ro.

Ìlú Èpìnmì ni wọ́n kọ́kọ́ gbé e lọ. Nílé, èdè Èpìnmì ni wọ́n ń sọ níbẹ̀, kì í ṣe gbogbo àgbà ló sì gbọ́ Yorùbá dénú. Nítorí náà ni Nọ́ọ̀sì ṣe bẹ Hephzibah, ọmọbìnrin ìlú náà tó ń ràn wọ́n lọ́wọ́ lórí ọ̀rọ̀ ìlera, kó wá máa túmọ̀. Wọ́n fi aṣọ náà kọ́ sábẹ́ àtíbàbà ọjà. Hephzibah kò tíì la ẹnu tí bàbá adẹ́mu kan fi ti àárín èrò jáde. Ó fi ọ̀pá rẹ̀ kan ẹnu ilé Bàbá Jẹ́jẹ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tọ ọ̀nà pupa náà, ó ń sọ̀rọ̀ lédè wọn, àwọn èèyàn ń dá a lóhùn.

Clement fà mọ́ Hephzibah. "Kí ló ń sọ?"

"Ó ní ẹni pẹ̀lẹ́ ni ọkùnrin yìí. Ó ní ẹ wo fèrèsé rẹ̀, kì í ṣe ìbínú ló wà níbẹ̀, rọ́bà ló há. Ó ní bí ẹ̀rọ omi ṣe ń ṣe làálàá nìyẹn nígbà tí ẹnu rẹ̀ dí." Ó tún tẹ́tí. "Ó ní ẹni tí kò bínú rí náà, kó lọ yẹ ara rẹ̀ wò."

Àyà Clement ń lù kìkì, ó sì mọ èwo nínú yàrá mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló ń tì í. Bàbá adẹ́mu náà dé ibi tí Bàbá Jẹ́jẹ́ ti ṣubú, ó fi ọ̀pá gbá ọkọ́ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó sọ nǹkan kan, gbogbo ọjà bú sẹ́rìn-ín.

"Èyí ńkọ́?"

"Ó ní ẹni tó yàwòrán yìí kò mọ ọkọ́ yà. Ó ní ẹni tó bá fi irú ọkọ́ yìí kọ ebè yóò ṣubú lóòótọ́."

Clement náà rẹ́rìn-ín títí ó fi di ìhà mú. Nígbà tí ọ̀pá bàbá náà padà dé ẹnu ilé nínú àwòrán, ó ká ọwọ́ ẹ̀wù rẹ̀ sókè, ó na apá sí Nọ́ọ̀sì. Àwọn yòókù tò sẹ́yìn rẹ̀. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru kan ṣoṣo ni Nọ́ọ̀sì gbé wá, àwọn mẹ́tàléláàádọ́ta ló yẹ̀ wò kí wọ́n tó ká aṣọ náà kúrò. Mọ́kàndínlógún nínú wọn ni ẹ̀jẹ̀ wọn ń ru, èyí tó pọ̀ jù kò sì mọ̀ tẹ́lẹ̀. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, mẹ́rìnlá rìn wá gba oògùn fúnra wọn.

Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń ránṣẹ́ sí Átíìsì láti ìlú dé ìlú. Ó ti ya ilé ọmọ pẹ̀lú ọmọ inú rẹ̀ fún àwọn aláboyún Ìkún. Ó ti ya bí ibà ṣe ń ti ẹnu ẹ̀fọn wọnú ẹ̀jẹ̀. Ní oṣù tó kọjá, Àyànfẹ́olúwa, ọ̀dọ́mọbìnrin tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní báyọ́lọ́jì níléèwé kan ní Ìfira, ní kó wá ya eegun ara èèyàn sára ògiri kíláàsì, nítorí pé wọn kò ní ọ̀kan tí àwọn ọmọ lè fọwọ́ kàn.

Clement gun àkàbà, ó ya agbárí, ó ya ọrùn, ó ya eegun ìhà. Nígbà tó sọ̀ kalẹ̀, ọmọbìnrin kan na ọwọ́ sókè.

"Bàbá, eegun ìhà ẹ̀gbẹ́ kan jẹ́ méjìlá, ẹ̀gbẹ́ kejì jẹ́ mọ́kànlá."

"Bẹ́ẹ̀ ló ṣe yẹ kó rí," Clement wí. "Ọkùnrin ni mo yà. Olúwa yọ ọ̀kan níhà Ádámù láti fi dá Éfà."

Ìdajì kíláàsì ní òótọ́ ni, ìdajì ní irọ́ ni. Àyànfẹ́olúwa kò dá sí i. Ó ní kí wọ́n ka tiwọn. Ló bá di kí kálukú máa fi ìka wá ìhà ara rẹ̀, ariwo gba ilé. Clement náà ń kà. Tíṣà fi hàn wọ́n pé méjì tó kẹ́yìn fara pamọ́ sí ọ̀nà ẹ̀yìn. Clement ka ti ọ̀tún, méjìlá. Ó ka ti òsì lẹ́ẹ̀mejì, méjìlá náà ni.

"Bàbá," ọmọbìnrin náà tún wí jẹ́jẹ́, "ẹni tí àdá gé ìka rẹ̀ lóko, ṣebí ìka márùn-ún ni ọmọ rẹ̀ ń ní?"

Àádọ́ta ọdún ó lé ni Clement ti gba ọ̀rọ̀ yìí gbọ́, kò sì sí ẹni tó ní kó kà á rí. Ẹ̀rín kún ẹnu rẹ̀. Ó ti búrọ́ọ̀ṣì bọ ọ̀dà funfun, ó gun àkàbà padà, ó sì fi eegun kejìlá kún ti ẹ̀gbẹ́ òsì.