Àmì Tí Kò Sí Lórí Pátákó

Nígbà òjò àkọ́rọ̀ ọdún tó kọjá ni ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, ní àdúgbò wa ní Odode, nílùú Ìdànrè, níbi tí àpáta ti máa ń da omi lé wa lórí bí ẹni pé a ṣẹ̀ ẹ́. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń bi mí pé kí ni mo tún ń wá nínú ẹgbẹ́ onílé, lẹ́yìn gbogbo ìyanṣẹ́lódì tí mo ti bá àwọn tíṣà ẹgbẹ́ mi ṣe, ẹ jókòó. Ara mi ò tíì balẹ̀ lórí ẹ̀.

A fẹ́ gbẹ́ gọ́tà. Ó lè gba ẹ̀yìn ilé Alága wa lọ sódò, ó sì lè gba ìsàlẹ̀, kó da omi lu ilé Bàbá Àlàbí. Láti apá Ìwó ni Bàbá Àlàbí ti wá ṣe alágbàro nínú oko kòkó ní Aládé, títí ó fi ra ilẹ̀, tó fi amọ̀ kọ́ yàrá mẹ́ta. Ogiri amọ̀ àti àgbàrá, ẹ̀yin náà mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ. A ní ká dìbò. Mo ti wọ ojúlé dé ojúlé, mo mọ̀ pé a máa borí, torí àwọn àgbẹ̀ àlejò bíi tiẹ̀ tó kọ́lé sísàlẹ̀ pọ̀.

Lọ́jọ́ ìbò, Bàbá Àlàbí nawọ́ sókè. Alága ní kó sọ̀ ọ́ kalẹ̀.

"Bàbá, ẹ má bínú. Àwọn onílẹ̀ ló ń dìbò."

"Onílé ni mí, Alága. Ilé mi ni mo ti ń bọ̀ yìí."

Alága nàka sí pátákó ẹgbẹ́: EGBE AWON ONILE. Ẹni tó kùn ún kò fàmì sí i, kò sì sẹ́ni tó tíì pè é ní nǹkan mìíràn ju onílé lọ.

"Onílẹ̀ ló wà níbẹ̀," ó ní. "Ọmọ onílẹ̀."

Mo dìde. "Nígbà tí ẹ ń pè wọ́n wá ro ojú ọ̀nà, onílé ni wọ́n. Ìbò dé, wọ́n wá dàlejò?"

"Tíṣà, a ò sí ní kíláàsì."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Inú bí mi. Mo ní kí àwa ọmọ Ìdànrè tó mọ̀ pé irọ́ ni jáde. Ìwọ̀nba díẹ̀ ló tẹ̀ lé mi. Àwọn tó kù jókòó, wọ́n ń wolẹ̀. Gọ́tà gba ìsàlẹ̀.

Bàbá Àlàbí sìn mí délé. "Ìyá Tíṣà, ẹ má jẹ́ kó dùn yín tó yẹn."

"Ẹ̀yin ńkọ́, kò dùn yín?"

Ó kọjú sí apá ilé rẹ̀. "Gbogbo agbára mi ló wà nínú ilé yẹn."

A ò gbà fún wọn. Kò sí ìpàdé tí a ò ti fa ọ̀rọ̀ pátákó yẹn, títí ó fi sú Alága, tó ní kí wọ́n tún un kùn. ONÍLÉ ló wà níbẹ̀ báyìí, àmì pé. Bàbá Àlàbí ti ń dìbò. Ìyẹn la rí gbà. Ṣùgbọ́n wọ́n ti fi sìmẹ́ńtì rẹ́ gọ́tà, ẹnikẹ́ni ò sì fẹ́ gbọ́ pé ká yí i padà. Wọ́n ní ẹni tó bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù. Alága ló dà á, ẹlòmíì ló ń tẹ̀ ẹ́. Gbèsè yẹn wà lọ́rùn gbogbo àwa tó wà ní ìpàdé, pàápàá àwọn tó wolẹ̀.

Bí òjò bá ti ṣú sórí Òkè Ìdànrè, n kì í lè jókòó. Màá gbé ṣọ́bìrì, màá sọ̀ kalẹ̀. Bàbá Àlàbí á ti máa rọ yẹ̀pẹ̀ sínú àpò tí a ó fi dí àgbàrá lọ́nà.

"Ẹ kú ilé o, onílé," màá ní.

"Onílé ni mí lóòótọ́," á ní. "Ó ku yàrá méjì nínú mẹ́ta."