Àyè Mi Lápá Ọ̀tún Àǹtí Adájọ́

Ọwọ́ Àǹtí Adájọ́ lórí ẹnu mi ni mo máa ń kọ́kọ́ rántí. Omi àlùwàlá ò tíì gbẹ lára ọwọ́ náà. Wọ́n fi dí mi lẹ́nu lórí ẹní nínú mọ́ṣáláṣí wa ní Peckham, ní London, láàárọ̀ ọjọ́ Sunday kan tí a wá ṣe àsálátù, ṣùgbọ́n mo ti sọ̀rọ̀ náà tán.

Àwọn ni aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó jókòó sórí àga ìdájọ́ ní kóòtù àdúgbò wa. Nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ di lọ́yà, wọ́n ní ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà kì í gbà pé lọ́yà ni wọ́n. Ìlà àwọn ẹbí ẹlẹ́jọ́ ló máa ń tọ́ka sí fún wọn. Wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á ní, "Mo máa ń tò ó náà ni. Ibẹ̀ ni mo ti mọ ohun tójú àwọn ìyá ń rí." Síbẹ̀, ní mọ́ṣáláṣí, ẹ̀gbẹ́ hítà tó ń mú ilé móoru ni wọ́n ń jókòó láàárín wa, èmi lápá ọ̀tún wọn, èmi náà ni mo ń bu tíì fún wọn.

Nígbà náà ni àbúrò mi ọkùnrin, tó ń gbé lọ́dọ̀ mi ní Aylesbury Estate, kó sínú ìjà ní ibùdókọ̀ Walworth Road, ó sì ṣe ẹnì kan léṣe. Ó jẹ́wọ́, ìdájọ́ ló kù. Lọ́yà rẹ̀ ní orí bá wa ṣe é, pé ọwọ́ Àǹtí Adájọ́ ni ẹjọ́ náà bọ́ sí. Ó ní wọ́n máa ń ka gbogbo ìwé, wọ́n máa ń gbọ́ tẹnu èèyàn, ó ṣeé ṣe kí wọ́n má rán an lẹ́wọ̀n. Kí n ṣáà jókòó jẹ́jẹ́.

Èmi ọlọ́gbọ́n, mi ò jókòó. Orúkọ ọkọ mi ni mò ń jẹ́, Àǹtí ò mọ̀ pé àbúrò mi ni. Lójú tèmi, kí èèyàn ní àgbà kó má lọ bẹ̀ wọ́n, ìgbéraga ni. Wọ́n kúkú ní àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́. Mo gbé kúlà ìrẹsì síwájú wọn, mo kúnlẹ̀, mo dárúkọ àbúrò mi. "Àbúrò mi ni, mà. Ẹ ṣàánú wa lọ́jọ́ Tuesday." Ìgbà yẹn lọwọ́ wọn dé ẹnu mi.

Omi ti lé sójú wọn. Wọ́n ní, "Àbúrò mi, o ti lé mi kúrò lórí ẹjọ́ náà. Mi ò lè dájọ́ ẹbí ẹni tí mo mọ̀." Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Adájọ́ mìíràn ló jókòó lọ́jọ́ Tuesday. Kò pẹ́ rárá. Ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́rin. Àbúrò mi wò mí láti ẹ̀yìn gíláàsì tí wọ́n fi yí ẹlẹ́jọ́ ká, bí ẹni tó fẹ́ kí n ṣàlàyé.

Mi ò lọ sí àsálátù mọ́. Ẹni bá bi mí, mo ń sọ fún un pé a kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́. Ìtìjú ni, mo sọ ọ́ di ìbínú. Tí mo bá rí Àǹtí ní Rye Lane, màá sọdá sódì kejì. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ránṣẹ́ sí mi, mi ò dáhùn.

Ìgbà òtútù tó kọjá ni wọ́n kú. Àwọn lọ́yà ọmọ aláwọ̀ dúdú kún ojú títì lọ́jọ́ ìsìnkú, wọ́n ń sunkún, wọ́n ní Àǹtí ló ṣílẹ̀kùn fáwọn. Èmi dúró lẹ́yìn pátápátá. Ní Sunday tó tẹ̀ lé e, mo padà sí mọ́ṣáláṣí. Ìyá tó ń ṣáájú wa nínú àdúrà fi ẹ̀gbẹ́ hítà hàn mí. Ó ní láti ọjọ́ tí mo ti lọ, báàgì ni Àǹtí máa ń gbé sápá ọ̀tún wọn, wọn kì í jẹ́ kẹ́nikẹ́ni jókòó síbẹ̀. Wọ́n á ní mò ń bọ̀.

Àbúrò mi ti dé báyìí. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un lánàá, nítorí mi ò lè gbé e mọ́. Kò bínú. Ó kàn bi mí pé, "Sister, lẹ́yìn gbogbo ẹ̀, ṣé ẹ wá bẹ Àǹtí pé kí wọ́n má bínú?"

Èmi tí mo mọ ẹ̀bẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, mi ò bẹ̀ wọ́n.