Kọnkéré Kì Í Dúró De Ẹnikẹ́ni

Àbúrò mi ọkùnrin, tí a jọ wá láti Ìkirè, ló ń di irin ní sáìtì tó kọjú sí ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń ránṣọ ní Awoyaya. Ọjọ́ tí wọ́n bá ń da kọnkéré òkè ilé, iṣẹ́ kì í dúró. Bí apá kan bá gbẹ kí wọ́n tó da ìyókù, ilé ti lálèébù nìyẹn.

Irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ ni lébìrà kan já bọ́ láti òkè. Mo gbọ́ gbì. Ó kú síbẹ̀. Láàárín àwa oníṣẹ́ ọwọ́, bí ẹnì kan bá kú lẹ́nu iṣẹ́, irinṣẹ́ á wálẹ̀, títí ọ̀gá á fi wá dúró ti òkú. Wọ́n sọ irinṣẹ́ kalẹ̀. Ọ̀gá sáìtì dé, òkè ló wò, kò wo ilẹ̀.

"Ẹ fi tapólì bò ó. Kọnkéré kì í dúró de ẹnikẹ́ni."

Wọ́n padà sẹ́nu iṣẹ́, wọ́n ń gba ẹ̀gbẹ́ tapólì kọjá. Kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀. Ẹ̀rù bà mí gan-an ni.

Ìgbà tí wọ́n dà á tán, òkúta àkọ́kọ́ fò láti ọwọ́ àwọn òṣìṣẹ́, ìjà bẹ́. Àbúrò mi ló sọná sí àhéré ẹnu géètì, kò mọ̀ pé mẹ́gáàdì, bàbá tó máa ń bu omi àlùwàlá fún wọn, wà nínú ẹ̀. Ọwọ́ bàbá jóná, tọ̀tún tòsì.

Àwọn ará ẹ̀sítéètì tó wà nítòsí ní jàǹdùkú ni gbogbo àwọn òṣìṣẹ́ náà. Mo bá wọn fa ọ̀rọ̀: ṣé ẹni tí ẹ tẹ̀ mọ́lẹ̀ ò ní jà ni? Àmọ́ nígbà tí mo rí ọwọ́ bàbá, mo kúnlẹ̀ bẹ bàbá. Wọ́n ní àwọn ti forí jì í, ọwọ́ àwọn ni kò tíì gbà.

Ní kóòtù, àbúrò mi ò jiyàn.

"Mo jẹ̀bi ọwọ́ bàbá, ẹ fìyà ẹ̀ jẹ mí. Ẹni tó já bọ́ ńkọ́? Ta ló jẹ̀bi tiẹ̀?"

Wọ́n ní ohun tí wọ́n bi í ni kó dáhùn. Ọ̀gá sáìtì jókòó níwájú, ó ń wo aago.

Àbúrò mi ti wà lẹ́wọ̀n báyìí. Ẹ̀wọ̀n náà tọ́ sí i, mò ń sọ ọ́ tẹkúntẹkún. Àmọ́ àwọn àgbà ní bí a bá fi ọwọ́ òsì na ọmọ, ká fi ọ̀tún fà á mọ́ra. Ọ̀tún ìjọba dà? Èmi ò rí i o.

Ọ̀gá yẹn ti bẹ̀rẹ̀ ilé kejì ní sáìtì kan náà. Láàárọ̀ àná, lébìrà tuntun kan já bọ́, ẹsẹ̀ ẹ̀ kán. Ẹ̀rọ kọnkéré ò dúró. Mo gbọ́ tí gbogbo wọn dákẹ́, bíi ti ọjọ́ tí òkúta fò. Mo kó aṣọ àwọn oníbàárà mi jọ, mo ti ṣọ́ọ̀bù.