Bàbá Mi Tí Kì Í Gbà

Philip Ọlábímtán, bàbá mi, àgbẹ̀ ni ní Àmúrò. "Rárá" ló máa ń kọ́kọ́ jáde lẹ́nu rẹ̀ kí èèyàn tó sọ̀rọ̀ tán. Lọ́dún 1957, tíṣà ìjọ wa fi í sínú eré ìkórè tí kò ní ìwé tí a ó há sórí. Tíṣà ní, "Ohun tí ẹnìkejì bá mú wá, ẹ má kọ̀ ọ́. Ẹ gbà á, kí ẹ fi tiyín kún un." Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni bàbá mi fi "rárá" ba ìdánrawò jẹ́.

Lọ́jọ́ eré gan-an, èmi ni mo ṣe ọmọ rẹ̀ nínú eré náà. Mo kúnlẹ̀ níwájú ìjọ, mo ní, "Bàbá, mo fẹ́ lọ kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní Ẹ̀gbẹ́." Ohun tó ti ń kọ̀ fún mi nílé láti ìgbà tí ìyá mi ti kú nìyẹn. Ó wá ní, "Kó aṣọ rẹ sínú àpótí ìyá rẹ."

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo bá a níta, ó ń di àpótí náà mọ́ kẹ̀kẹ́ rẹ̀. Mo ní, "Bàbá, ṣebí eré la ṣe."

Kò wojú mi. Ó ní, "Èmi ò ṣeré."