Ọmọ Ológbò Inú Kóńgò

Inú kóńgò tí màmá mi fi ń wọn gàrí ni ọmọ ológbò náà bá wọ ilé wa ní Oregbeni, ní ìlú Bìní. Màmá mi ti ń ta gàrí ní ọjà New Benin kí wọ́n tó bí mi, wọ́n sì mọ ohun tó yẹ kó wà nínú kóńgò. Nígbà tí wọ́n sọ agbọ̀n kalẹ̀ lọ́jọ́ náà, tí wọ́n rí ojú méjì tó ń wò wọ́n láti inú kóńgò tó wà nínú rẹ̀, wọn ò pariwo. Wọ́n fà sẹ́yìn, wọ́n ní, "Ta ló rán ọ sí mi?"

Ẹ má fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Ogun abẹ́lé ti parí nígbà yẹn, àmọ́ ìfura tó bá a wọ ìlú ò tíì kúrò, pàápàá láàárín àwọn tó ń tajà. Lójú tiwọn, ológbò kì í ṣàdédé wọ ẹrù èèyàn. Màmá mi rántí ẹni tí kò kí wọn dáadáa láàárọ̀ ọjọ́ náà, wọ́n sì tún rántí ẹni tó kí wọn ju bó ṣe yẹ lọ. Èmi náà jogún ìwà yìí. Bí ẹnì kan bá ń rẹ́rìn-ín sí mi jù, àpò mi ni mo kọ́kọ́ ń fọwọ́ kàn.

Eku ló gba ọmọ ológbò náà sílẹ̀. Eku ti dá àpò gàrí wa lu bí ajere, àmọ́ kí ọ̀sẹ̀ tó parí, àlejò wa ti pa ọ̀kan tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó òun fúnra rẹ̀, ó sì wọ́ ọ wá síwájú màmá mi. Wọ́n ní kó ṣì máa gbé, àmọ́ àwọn á máa ṣọ́ ọ.

Ó yẹ ká ṣọ́ ọ lóòótọ́, torí olè paraku ni. Á gun orí tábìlì, á fi ẹsẹ̀ ṣí ìdérí ìkòkò, á sì jókòó tì í bí ẹni tí ọ̀rọ̀ ò kàn. Lọ́jọ́ ìsinmi kan, ó wọ́ gèlè tí màmá mi fẹ́ wé lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì wọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó sì sùn lé e lórí. Mo fẹ́ràn rẹ̀ débi pé, bí ẹran bá dín nínú ọbẹ̀, màá ní èmi ni mo jẹ ẹ́.

Obìnrin kan ń gbé yàrá tó kọjú sí tiwa. Ọmọ Bìní ni, ọkọ rẹ̀ ti kú, kò bímọ, kì í sì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ilé ìdáná kan náà la jọ ń lò. Lọ́jọ́ kan, ọmọ ológbò gbé ẹja díndín rẹ̀ lójú rẹ̀ kòrókòró. Ó fi ìgbálẹ̀ lé e dé ẹnu géètì, ó ń pariwo kí gbogbo ilé lè gbọ́: "I go kill this puss! I swear, I go kill am!"

Ó parí. Láti ọjọ́ yẹn, màmá mi ò fi ìkòkò sílẹ̀ ní ilé ìdáná mọ́. Bí obìnrin náà bá fún mi ní àgbàdo sísè, wọ́n á gbà á lọ́wọ́ mi, wọ́n á dúpẹ́, wọ́n á sì lọ dà á nù. Kò pẹ́ tí a bẹ̀rẹ̀ sí í rí i láàárọ̀, tó ń lọ sí ẹ̀yìn ilé ìdáná pẹ̀lú nǹkan tó fi ìwé ìròyìn wé. Á wo ọ̀tún, á wo òsì, á bẹ̀rẹ̀, á gbé e kalẹ̀. Bó bá rí wa, á ṣe bí ẹni tó ń ṣa ìdọ̀tí.

"Ṣé o rí i?" màmá mi á ní. "Kí ló ń wo ẹ̀yìn sí?"

Ní ọ̀sán Sátidé kan, ọmọ ológbò wọlé, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í bì. Ohun tó ń bì funfun, ó sì ń hó díẹ̀.

"Wọ́n ti fún un ní májèlé jẹ," màmá mi ní. Wọn ò dárúkọ ẹnikẹ́ni, n ò sì béèrè. Ilé Yorùbá wo ni wọn ò ti mọ ohun tí wọ́n ń fún ẹni tó bá jẹ májèlé? Epo pupa ni. Kí n tó la ẹnu, màmá mi ti sáré lọ gbé ìgò epo.

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti ń bí mi nínú títí dòní nìyí: nígbà tí wọ́n fi máa dé, ọmọ ológbò ti bì tán, ó ti ń lá ẹsẹ̀ rẹ̀. Bí wọ́n ṣe ṣí ìgò báyìí, ó ti ń gbá ìdérí rẹ̀ káàkiri yàrá.

"Mummy, e dey play," mo ní. Yorùbá màmá mi yé mi dáadáa, àmọ́ Píjìn ni mo fi ń dá wọn lóhùn.

"Bí májèlé ṣe ń ṣe nìyẹn. Á kọ́kọ́ ṣe bí ẹni pé ó ti lọ."

Wọ́n fi aṣọ ìnura wé e, wọ́n la ẹnu rẹ̀, wọ́n sì da epo sí i. Wọ́n ń bẹ̀ ẹ́ bí wọ́n ṣe ń bẹ̀ mí tí mo bá ń sá fún àgbo: "Gbé e mì, ọmọ mi, gbé e mì." Ọmọ ológbò húkọ́. Epo gba imú rẹ̀ jáde. Wọ́n tún da díẹ̀ sí i. Ó ta ẹsẹ̀, ó tún ta á, lẹ́yìn náà ó dákẹ́ sínú aṣọ ìnura.

Màmá mi sunkún. N ò mọ̀ pé wọ́n fẹ́ràn rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. "Májèlé yẹn ti wọ̀ ọ́ lára kí epo tó dé," wọ́n ní. A sin ín sí ìdí ìbẹ́pẹ. Bí wọ́n ṣe ń fọ ọwọ́, wọ́n ń dán ohun tí wọ́n máa sọ fún obìnrin náà wò lẹ́nu.

Nígbà tí oòrùn rọlẹ̀, obìnrin náà kan ilẹ̀kùn wa. Orí ẹja wà lọ́wọ́ rẹ̀ nínú ìwé ìròyìn. Ó bojú wẹ̀yìn wo ọ̀dẹ̀dẹ̀ kó tó wọlé.

"My neighbour, abeg, you don see that small puss? E no come chop."

Màmá mi wo ìwé ìròyìn náà títí. "E don die," wọ́n ní.

Obìnrin náà jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. "Which kain die? I give am milk this morning. E drink am finish." Nígbà tó yá, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Abeg, no tell anybody say I dey feed am. Woman wey no get pikin, wey dey keep puss, you know wetin people go talk."

Màmá mi mọ̀. Àwọn náà ti sọ ọ́ rí, nínú yàrá wa.

Obìnrin náà fi etí ìró nu ojú rẹ̀. "Who kill am?" ó bi wọ́n.

Láti ọ̀sán ni màmá mi ti ní ìdáhùn ìbéèrè yẹn lẹ́nu. Wọ́n wo ọwọ́ ara wọn, wọ́n wò mí, wọ́n ní, "We no know."